Labalábá Ìdí Ìkòkò Eérú

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wọ igbó kiri ní Ìkẹ́rẹ́ nítorí labalábá ńlá kan tó ti ṣọ̀wọ́n. Èmi olùkọ́ báyọ́lọ́jì, àwòrán inú ìwé nìkan ni mo mọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìbínú ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Èyí tó pọ́n bí epo, tí apá rẹ̀ gùn bí ewé obì? Jókòó. Bí oòrùn bá kan ìkòkò yìí, yóò wá mu omi eérú tó ń kán sílẹ̀. Apá òsì rẹ̀ ti ya.”

Ó wá lóòótọ́, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, apá òsì rẹ̀ sì ya. Kí n tó ṣí ìwé dé ojú ewé rẹ̀, ó ti fò lọ. Díẹ̀ ló kù kí n ju ìwé náà sínú iná. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró tí wọ́n fi ka gbogbo àmì ara rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ò yẹ̀.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, àyè kan wà fún orúkọ ẹni tó rí labalábá. Orúkọ wọn ni mo kọ síbẹ̀.