Omi Àlùwàlá Bàbá Mi

Òórùn efinrin tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Òsí, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti tán tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀, efinrin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Omi àlùwàlá ló ń tọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni bàbá mi máa ń jókòó sórí àpótí kékeré kan létí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti wẹra fún ìrun, omi tó bá ti ara rẹ̀ kúrò á ṣàn lọ bá ewé yẹn, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo iwájú ilé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí efinrin ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò bá ti gbẹ, tiwa nìkan ló máa ń tutù minimini, àwọn obìnrin á sì wá já a lọ sọ́bẹ̀, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ bákan náà. Bàbá mi a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ń kírun, àwọn ń jẹ ọbẹ̀ ìrun.

Ọdún tí rọpárọsẹ̀ mú un ni mo padà wá sílé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìlọrin. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi wá sítòsí, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọ́fà, ibi tí ọ̀kadà lè gbé mi lọ láàárọ̀ kó sì gbé mi padà kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó. Ìyá mi ti kú ṣáájú, èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí tó yè. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé búùtà rẹ̀, kẹ́tù ike aláwọ̀ ewé kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, tó ti fi ń ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo máa ń da omi sí i lọ́wọ́ òsì, á fi yọ ẹnu, á fín in símú, á bọ́jú. Tó bá kan ọwọ́ ọ̀tún, èmi ni mo máa ń gbé e lé orúnkún mi, tí màá fi omi pa á títí dé ìgúnpá. Ọwọ́ náà wúwo, ó sì máa ń tutù ju èkejì lọ. Tó bá kan ẹsẹ̀, mo máa ń fi ìka mi la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ibì kankan gbẹ. Ó ní ọwọ́ mi le jù, pé àfi bí ẹni pé iṣu ni mò ń fọ̀. Àsìkò yẹn ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Nídìí búùtà ni mo ti mọ bó ṣe pàdé ìyá mi lọ́jà Odò-Ọwá, tó ra àgbàdo tí kò nílò. N kò rò pé èmi àti bàbá mi sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà láàárín wa, èmi ni mo ń pa á. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti fi ìrun sílẹ̀ ní Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, kò sì sẹ́ni tó tàn mí lọ. Mo kírun títí, mò ń retí kí nǹkan kan dá mi lóhùn, n kò gbọ́ nǹkan kan, nígbà tó yá mo yéé retí. Nílé, mo máa ń dúró lẹ́yìn bàbá mi, mo ń tẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀, mo ń jókòó bó ṣe ń jókòó. Mo sọ fún ara mi pé ìrun tèmi ni mo fi ń parọ́, pé kò kan ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ti parí àlùwàlá, mo ti gbé e dé orí ẹní, ló bá ní kí n dúró níwájú òun.

"Ohùn mi ò já gaara mọ́," ó ní. "Láti òní lọ, ùwọ ni kó o máa síwájú, n ó máa tẹ̀lé ọ."

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá síwájú, ìrun àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ so mọ́ tirẹ̀. Mo lè fi tèmi parọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi, tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo jà kó má bàa pa ìrun kan jẹ, ṣé kí n wá fi tirẹ̀ náà parọ́? Mo yíjú sí i.

"Bàbá, mi ò lè síwájú yín."

"Kí ló dé? Ṣé àlùwàlá rẹ bà jẹ́ ni? Lọ ṣe òmíràn, mo ń dúró."

"Kì í ṣe àlùwàlá, Bàbá. Mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ó ti pẹ́."

Ó wò mí títí. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni?"

"Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá. Mi ò sin nǹkan kan."

Bí mo bá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ì bá dùn ún, ṣùgbọ́n ì bá yé e. Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì nílùú wa? Ó gbé ojú kúrò lára mi. Ó ní, "Bó bá ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lo lọ, ǹ bá mọ ulé tí mo ti máa wá ọ." Lẹ́yìn náà ló kábárà níjòókòó, ó ní Ọlọ́hun ló tóbi jù, pẹ̀lú ohùn tó ń fà yẹn, ó dá ìrun rẹ̀ kí. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ mi sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé búùtà bí ìṣe mi. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbà á lọ́wọ́ mi. "Fi í sílẹ̀," ó ní. Kò pariwo, kò lé mi jáde, kò sì sọ fún mi pé èmi kọ́ lọmọ òun mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Òkè-Ọpin nítorí ibẹ̀ ló ti ṣe ilé ọkọ kó tó padà wálé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ló wá ń da omi fún un. Ìgbà tí Ìyá bá wà lóko, bàbá mi á fi ọwọ́ kan da omi sára, ìdajì á bọ́ sílẹ̀, òun á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jókòó nínú yàrá mi, mo ń gbọ́ bí omi náà ṣe ń ta sílẹ̀.

Kò sí ohun tó ń rìn yára tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ní ìlú kékeré. Obìnrin aládùúgbò wa kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, gbọ́ pé mo ti kúrò ní mọ́sálásí, ó fi ayọ̀ wá pè mí sí ìsìn wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní, "Háà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọjà rárá ńkọ́?" Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo ti di àjàò, n kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ. Lọ́dún Iléyá yẹn, wọ́n gbé ẹran wá fún mi. Nígbà Kérésì, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Inú yàrá ni mo ti dá jẹ méjèèjì, nítorí kò sí ilé tí mo lè wọ̀ kí n sọ pé ọdún tèmi nìyí.

Ìyá Òkè-Ọpin ló ránṣẹ́ sí ààfáà àdúgbò kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó jókòó lórí ìjókòó mi kan ṣoṣo, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ líle wà nínú ìwé nípa ẹni tó bá kúrò, pé òun kò ní parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n òun kò wá ka ìyẹn sí mi létí; òun wá wò bóyá ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Mo jẹ́ kó parí.

"Ààfáà, ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ẹni bíi tèmi bá da omi fún ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, ṣé àlùwàlá náà bà jẹ́?"

"Rárá o. Ẹni tó ń ṣe é ló ni ín. Ìbáà ṣe kèfèrí ló da omi, kò bà á jẹ́." Ó rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bà mí. "Má bínú. Orúkọ tí ìwé pè é nìyẹn."

Inú mi ti ń dùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Bàbá."

Ààfáà wò mí bí ẹni tí àánú ṣe. "Bàbá rẹ? Òun ló kọ́kọ́ bi mí, nígbà tí mo wá kí i lọ́sẹ̀ tó o sọ fún un gan-an. Ohun tí mo sọ fún ọ yìí ni mo sọ fún un."

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ ohun tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ tó ti gba búùtà lọ́wọ́ mi ni mo ti ń dá òfin ẹ̀sìn lẹ́bi. Mo ti rò pé bí a bá rí ààfáà tó lóye, a óò yọ òfin náà kúrò láàárín èmi àti bàbá mi, bí ẹni yọ igi kúrò lójú ọ̀nà. Kò sí igi níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi mọ̀ pé mo lè da omi náà, kò kàn fẹ́ kí n dà á ni.

Òjò ló bá wa parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Òkè-Ọpin lọ kí àwọn àna rẹ̀, òjò rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà bàjẹ́, kò sí ọ̀kadà tó fẹ́ gbé e padà. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi gbé àpótí síta, ó gbé búùtà, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi náà ṣàn lọ sídìí efinrin, òórùn náà sì dìde. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Búùtà tó ṣubú ló ń wò, kò wò mí.

"Omi ti tán nínú ẹ̀," ó ní. "Lọ bu òmíràn wá."

Mo sáré lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù. Mo dà á sí i lọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún mi. Ọwọ́ náà ti rù sí i. Ó kan ẹsẹ̀.

"Ààfáà ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀," ó ní.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́." Ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi. "Ohun tó ń dùn mí ni pé, tí omi yìí bá tán, èmi nìkan ni n ó dìde. Ibi tí mò ń lọ, n ò níí rí ọ níbẹ̀."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe orí ẹní nìkan ló ń sọ. Omi bọ́ lójú mi, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yára da omi búùtà lé e. Irọ́ náà ti dé ètè mi: kí n ní mo ti padà, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. N kò lè sọ ọ́. Mo fi etí ẹ̀wù mi nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n gbé òun dìde, mo gbé e dé orí ẹní, mo kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ, mo sì padà síta. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, èmi ni mo ń da omi fún un títí ó fi kú. Àwọn ìtàn rẹ̀ náà padà wá, àmọ́ wọn kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó kú, àwọn ọkùnrin tí yóò wẹ̀ ẹ́ wọlé. Ààfáà bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ máa pọnmi wá." Mo pọn ọ́n títí wọ́n fi ní ó tó. Nígbà tí wọ́n tò láti kírun sí i lára, mo dúró lẹ́yìn, nídìí bàtà wọn, pẹ̀lú àwọn Onígbàgbọ́ tó wá bá wa kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. N kò mọ ẹni tí mo ń ṣe é sí, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ilé náà di ti Ìyá Òkè-Ọpin, nítorí òfin wọn kò jẹ́ kí irú mi jogún, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Mo gba yàrá kan ní Ìlọ́fà.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sìn sílẹ̀, lílé ni wọ́n máa ń lé e. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, wọ́n ń wojú mi láti inú ilé, èmi náà ń wo tiwọn láti ìta, ó sì ń dùn wá níhà méjèèjì. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dá wà. Ìrọ̀lẹ́ òjò yẹn ni mo mọ̀ pé mo fi bàbá mi náà sílẹ̀ lóun nìkan.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí Ìyá ní Sátidé kan. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá ti ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀, nítorí náà efinrin náà ti ń rọ. Mo bá búùtà nídìí ògiri, mo bu omi sí i, mò ń dà á sídìí ewé náà nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ìyá yọjú, ó rí mi pẹ̀lú búùtà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tàn.

"Ọmọ mi, ṣé o ti padà ni?"

"Rárá, Ìyá. Efinrin ni mò ń bomi rin."

Ó wá fa àpótí bàbá mi jáde, ó jókòó, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Ṣó kù nínú ẹ̀?"

"Ó kù, Ìyá."

"Dà á sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Mo dà á. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo fi ìka mi la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì dìde wọlé lọ. Mo dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó parí ìrun, tó ń ṣe àdúrà, mo gbọ́ tó dárúkọ bàbá mi, ó sì dárúkọ mi tẹ̀lé e. N kò ṣe àmín, n kò sì kúrò níbẹ̀. Mo lọ bu omi kún búùtà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kí ìrun tó kàn tó tó.