Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Dókítà Dúró

"Ẹ dúró, mà!"

Ohùn mi ni, àmọ́ ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe kílínà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah, ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Dókítà ti fẹ́ fa oògùn tó ń mú kí ìrọbí yá sínú dírípù Àǹtí Ṣadé, aláboyún tó ń rọbí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló dé?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ Àǹtí, wòlíì ìjọ aláṣọ funfun kan ní Lakowe, dúró nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Nígbà tí Wòlíì jáde lẹ́ẹ̀kan, tí mo ń nu ilẹ̀, Àǹtí fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti mu àgbo kí ìrọbí lè yá. Ìjọ wọn kì í sì í mu àgbo rárá.

"Tó o bá sọ, o ti tú ilé mi ká nìyẹn."

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ. Àmọ́ mo ti gbọ́ tí Dókítà ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé bí irú àgbo bẹ́ẹ̀ bá pàdé oògùn yìí, ilé ọmọ lè fàya.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá bọ́ síta ná, mà."

"Èmi?" ni Wòlíì wí. "Ìyàwó mi rèé! Ta ni ọmọ yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá wa fi àdúrà jagun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gbọ́ àdúrà, wọ́n jáde. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Tẹ́ ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́."

Àǹtí wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún. "Dókítà, mo mu àgbo."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó ti Àǹtí, wọ́n ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, títí ọmọ fi wá fúnra rẹ̀, tó figbe ta. Mo fò sókè tòun ti ìgbálẹ̀! Wòlíì ń kígbe "Halelúyà" lóde. Wọn ò mọ nǹkan kan dòní.

Lẹ́yìn náà Dókítà pè mí. "Ṣé o ti ṣèlérí fún Ṣadé pé o ò ní sọ ni?"

"Mo ṣèlérí, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé kí wọ́n kú."

Wọ́n wá bi mí pé, "Kí lo fẹ́ dà láyé?"

"Dókítà, mà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ìwé mélòó lo kà?"

"Ìwé mẹ́fà."

"Ọ̀nà rẹ jìn o."

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n ní kí n máa tètè ṣíwọ́ kí n lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Èmi àtàwọn bíríkìlà la jọ ń jókòó, sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ṣòkòtò wọn. Lánàá, tíṣà béèrè bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Kí wọ́n tó béèrè tán, ọwọ́ mi ti wà lókè.