Oko Bàbá Ọkọ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bàbá ọkọ mi di aláìlóko. Àwọn tó ń kọ́lé tà ti nawọ́ gán oko bàbá nítòsí Ìjàyè, katapíla ti dúró létí ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní bí orúkọ bàbá bá wà nínú kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń tọ́jú orúkọ àwọn olóko, àwọn á padà lẹ́yìn. Bí kò bá sí, ó parí nìyẹn.

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, arúgbó ẹ̀rọ tó gba odidi yàrá kan. Mo mú bàbá lọ síbẹ̀. Wọ́n fẹnu ara wọn pe orúkọ wọn, akẹgbẹ́ mi obìnrin tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sí.

“Kò sí kẹ̀? Èmi tí mo jókòó síbí?” Bàbá ló ń bi ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àánú wọn ṣe mí gidi.

Ẹ̀rọ yẹn kì í rìn kiri wá nǹkan, ọ̀lẹ ni. Dísìkì rẹ̀, níbi tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ní àkọsílẹ̀ kékeré kan tó to orúkọ olóko ní a-bí-dí, tó sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ oníkálukú wà, bí ẹni tí èèyàn ń béèrè ìsọ̀ tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ṣáṣá. Bí orúkọ rẹ ò bá sí níbẹ̀, á ní o ò sí láyé.

Mo bá ní kó ka dísìkì láti orí dé ìdí, kó máa wo oko, kó fi orúkọ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e jáde: Ìjàyè, ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Orúkọ olóko: Bàbá Wa.

Yéè! Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́! Ìyá mi ti kì mí nílọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Orúkọ gbogbo ayé ni mo tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wá kan tiwọn, ìtìjú mú mi. Òmùgọ̀ paraku! Akẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú.

Orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń wá oko ò ṣeé yí padà. Àfi ká pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká tún un tẹ̀. Mo pa á rẹ́. Bàbá ò lóko mọ́ rárá nìyẹn, òógùn bò mí. Akẹgbẹ́ mi ní òun á bá mi tẹ̀ ẹ́.

Bàbá ní, “Rárá o. Òun ló tẹ ti àkọ́kọ́, òun náà ni á tẹ èyí.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un wá, ó sì jáde kíá.

“Kà á sókè, ìyàwó.”

Mo kúnlẹ̀, mo pe orúkọ bàbá ọkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

“Hòo!” ni wọ́n dáhùn, omi ń bọ́ lójú wọn.