Ìyá Dayọ̀ Ní Ká Má Tẹ̀ Ẹ́

Bí ẹ bá dé Abereke, ẹ bá mi kí Moríkẹ́, ìyá Dayọ̀. Ẹ kí i kú ìrọ́jú, ẹ kí i kú àfaradà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ fóònù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aláìnírònú kan ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí pé àṣejù rẹ̀ ló fà á. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, kí wọ́n lè panu wọn mọ́.

Ẹja ni Moríkẹ́ ń yan. Ìyá rẹ̀ yan ẹja, ìyá ìyá rẹ̀ náà yan ẹja, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa láti kékeré. Òkun jẹ ilé tí ọkọ rẹ̀, Olówòkéré, kọ́kọ́ kọ́ fún un. Ó tún jẹ èkejì. Èyí tó ń gbé báyìí, orí òpó ló wà, omi ń kọjá lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Olówòkéré fúnra rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kì í dúró, Dayọ̀ nìkan ló dúró. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, tó wá ń ṣọ́ ọ bí ojú, ẹ má bá a wí.

Dayọ̀ ló ra fóònù ńlá fún un, kó lè máa fi bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Igbokoda sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, ó ní ìjọba ń pín ìrànwọ́ fún àwọn tí òkun ba ilé wọn jẹ́. Ta ni ò ní tẹ irú ìyẹn ní Abereke? Moríkẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti wọ inú Wásáàpù rẹ̀, ó ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ, wọ́n sì ń fún un. Ìtìjú ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni Moríkẹ́ ti di olùṣọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja. Bí líǹkì kan bá yọjú báyìí, kí ẹni tó ni fóònù tó mọ ohun tó jẹ́, ohùn Moríkẹ́ á ti dún lórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, tí oníjìbìtì ń mú àwọn ará abúlé tó yí wọn ká, tí kò mú ẹnì kankan mọ́ ní Abereke, wọ́n gbà pé orí obìnrin náà pé. Bó bá ní dúdú ni, dúdú ni. Ìyá Dayọ̀ ní ká má tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Dayọ̀ wá jẹ́ aláwàdà, irú èyí tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Àkúrẹ́ ló ń gbé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Goodluck jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí ìkànnì kan tí àwọn kan dá sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀ lásán. Bí èèyàn bá gbé líǹkì tó mọ́ tónítóní fún un, á yí i padà di ohun tó ń rùn: "gba-owó-ọ̀fẹ́", "ṣí-bánkì-rẹ-níbí", "o-ti-jẹ-ẹ̀bùn", pẹ̀lú nọ́ńbà játijàti lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó ń gbé èèyàn lọ kò yí padà o. Bí ìgbà tí wọ́n wọ aṣọ olè fún àlùfáà ni. Ayé yìí náà tí olè gidi ò tíì tán, àwọn kan jókòó, wọ́n ń ṣe ayédèrú olè. Ẹ ò rí nǹkan!

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, igbe ni obìnrin náà ké. Ó ní olè ti gba nọ́ńbà ọmọ òun. Dayọ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ó fi ń wúkọ́, ó bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tàyàtàyà. Dayọ̀ ló rí nínú fídíò, tó jókòó ti àwo oúnjẹ pupuru, tó gbé ẹja tí ìyá rẹ̀ yan sókè, tó ń kì í bí ẹni ń ki ọba. Moríkẹ́ bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wò ó léraléra, ló tún gbé e kiri fún aládùúgbò wò. Bó ṣe di eré àárín wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ ẹ́ láìkọ́kọ́ pe ọmọ náà láti bi í bóyá òun ló fi ránṣẹ́. Dayọ̀ á ní rárá, olè ni, ẹ̀rín á sì gba ẹnu rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Moríkẹ́ á tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Moríkẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dayọ̀ ní òun ń bọ̀ wálé ní Sátidé. Ọjọ́ yẹn gan-an, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ní Abereke láti àárọ̀, bó ṣe máa ń lọ bí afẹ́fẹ́ òkun bá le. Kò sẹ́ni tó lè pè, kò sẹ́ni tó lè gba ìpè. Moríkẹ́ ò tilẹ̀ bìkítà. Ó ń yan ẹja ìdúpẹ́, ó ń kọrin.

Bóòtì tó ti Igbokoda dé nírọ̀lẹ́ ló gbé ìròyìn náà wá. Jọọlá tó ń wa bóòtì ọ̀hún kò lè wo ojú rẹ̀. Ọkọ̀ tí Dayọ̀ wọ̀ láti Àkúrẹ́ ti forí sọ tírélà lójú ọ̀nà, Dayọ̀ ti kú. Jọọlá tún fi kún un, bí ẹni pé èyí tó sọ ò tíì tó, pé àwọn ìkà kan ti kó fóònù àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ, àtòkú àtalààyè. Moríkẹ́ kò sunkún. Ó jókòó sórí afárá pákó, ó ní kí wọ́n bá òun wo ẹja tó wà lórí iná, kó má jóná.

Ibẹ̀ ló wà, láàárín àwọn obìnrin tó dì í mú, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé. Gbogbo fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Orúkọ Dayọ̀ ló yọ lójú fóònù ìyá rẹ̀. Orúkọ Dayọ̀ ló yọ lójú fóònù Tabitha, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, àti ti ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́. Líǹkì ni, gígùn gbọọrọ, burúkú, "ẹ-wá-gba-ẹ̀bùn-yín-kíá". Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ ti kú. Olè ti jí fóònù ọmọ. Fóònù ọmọ wá ń fi líǹkì olè ránṣẹ́. Kí lẹ̀yin ìbá rò? Lóòótọ́, aago tí wọ́n fi í ránṣẹ́ wà lára rẹ̀, pé ọ̀sán ni, kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Ta ni ojú rẹ̀ máa ríran wo aago nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Inú ló bí Moríkẹ́, inú burúkú, pé wọn ò tíì sin òkú, wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ jalè. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọmọ mi ti kú. Olè ló wà nídìí fóònù rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa á rẹ́, gbogbo yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Dayọ̀ lu jìbìtì."

Ó pa tirẹ̀ rẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé.

Igbokoda ni wọ́n sin Dayọ̀ sí, torí ilẹ̀ Abereke kò ṣeé fi òkú ṣọ́ mọ́, òkun ti kó àwọn òkú àtijọ́ lọ. Goodluck kò lè gbójú wo sàréè, lẹ́yìn ìsìnkú ló tó wọ bóòtì wá kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó sunkún, Moríkẹ́ ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó fẹ́ sọ ohun tó máa tu ìyá náà nínú, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, Màmá, ó kéré tán, ẹ rí fídíò tó ṣe sílẹ̀ fún yín."

Moríkẹ́ béèrè pé fídíò wo.

Goodluck rò pé ó gbàgbé ni. Ó ṣàlàyé fún un pé òun ló sin Dayọ̀ dé gáréèjì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń dúró kí ọkọ̀ kún, Dayọ̀ ṣe fídíò fún ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún ìyá rẹ̀, ó gbé e sórí ìkànnì, ó wọ aṣọ olè fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí i, ó tún fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ìyá náà ní Abereke, kí wọ́n lè rí i bó ṣe máa figbe ta.

Moríkẹ́ kò mọ̀ pé òun ti dìde dúró. "Kí ló sọ nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ó ní kí n dúró ti ẹrù, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ ṣe é. Nígbà tó fi máa dé, ó ń nujú. Ó ní, 'Màmá mi máa kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà ló máa sunkún.'"

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Nígbà tí Goodluck gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gba fóònù náà, ó wá gbogbo inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ní ibi tí Dayọ̀ gbé fídíò ọ̀hún sí, kò sí béèyàn ṣe lè débẹ̀ láìní líǹkì yẹn gan-an lọ́wọ́. Kí wọ́n bi àwọn tó fi ránṣẹ́ sí.

Moríkẹ́ so ìró mọ́ra, ó bọ́ sórí afárá pákó, ó ń gba ilé dé ilé. Tabitha ló kọ́kọ́ bá. Tabitha ní òun ti pa á rẹ́, ṣé òun máa gbọ́ irú ohùn yẹn kí òun má pa á rẹ́? Ìyàwó Ọlárìndé ní òun pa á rẹ́. Happiness tó ń ta epo bóòtì ní òun pa á rẹ́, òun tún bá ọkọ òun náà pa tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń kẹ́dùn, wọ́n ń bú olè, torí Moríkẹ́ kò lẹ́nu láti sọ fún wọn pé kò sí olè kankan níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti di olùṣọ́ wọn, kò gbàdúrà rí pé kí ẹnì kan má gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Ọjọ́ náà ló gbà á, láti ilé kan sí èkejì.

Ó wá ku Princess. Ìyàwó kékeré kan ni, ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn sọ́wọ́ òkun, kò sì sí ohun tí kì í tẹ̀. Òun ni Moríkẹ́ ń bá wí jù, tó ti pè ní olóríkunkun lójú gbogbo ẹgbẹ́. Moríkẹ́ yára sún mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni ní Abereke bá ṣàìgbọràn, Princess ni.

Princess kúnlẹ̀, ó kí i kú ìrọ́jú. Moríkẹ́ ò lè jókòó. Ó bi í nípa líǹkì tó ti orí fóònù Dayọ̀ wá, bóyá ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má bẹ̀rù, kò sí ìbáwí níbẹ̀, òtítọ́ nìkan ni kó sọ.

Ojú Princess tàn. "Màmá, kí n má parọ́ fún yín, tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀ kí ohùn yín tó wọlé. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti gbọ́n, Màmá. Ẹ gbà, ẹ wò ó."

Ó na fóònù sí i. Moríkẹ́ gbà á, ó wo ibi tí orúkọ Dayọ̀ wà, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Princess ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"O káre, ọmọ mi," Moríkẹ́ sọ fún un. "O ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe."