Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìyá Percy

Ní abúlé Wenfield, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ gbé rí, ọ̀dọ̀ Hester Garrod ni wọ́n máa ń júwe fún un. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Hester kó tó fẹ̀yìn tì. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ilé kan ní abúlé náà tí kò mọ bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń dún. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, àwọn òkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wò. Ó ka gbogbo òkúta ojú oórì tó wà lọ́gbà ṣọ́ọ̀ṣì, kódà àwọn tí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Kì í fi irin ha wọ́n. Dígí kékeré kan ló fi máa ń darí oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ òkúta, kí òjìji lè gbé orúkọ jáde fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Wenfield fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ jù ni àga kékeré kan tó ṣeé ká, tó máa ń gbé kọ́ apá kiri pápá. Bó bá fura pé ilé kan ti wà níbì kan rí, á ṣí àga náà síbi tó rò pé ẹnu ọ̀nà wà, á jókòó, á sì máa wo ọ̀kánkán. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ onílé gbọ́dọ̀ rí ohun tí onílé ń rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, Percy Thurkettle ránṣẹ́ pè é. Percy ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Jean, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti gba yàrá fún un ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ipswich. Ìparí oṣù kejì ni yóò kó lọ.

"Nọ́ọ̀sì, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí n tó lọ," ni Percy wí. "Mo fẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí."

"Bàbá, ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti wó gbogbo Ìlà Pẹ́pẹ́yẹ."

"Ṣé mo ní kó o bá mi kọ́ ọ ni? Ibi tó wà ni mo ní kó o wá."

Gbogbo abúlé ló gbà pé ẹ̀gbẹ́ adágún ni àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Ìlà Pẹ́pẹ́yẹ wà. Níbo ni pẹ́pẹ́yẹ tún máa wà? Wọ́n tilẹ̀ ti gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ ní ìrántí wọn. Ṣùgbọ́n ìyá Percy máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ni òun àti ìyá òun ti ń bó ẹ̀wà tútù nírọ̀lẹ́, tí àwọn á sì máa wo àkùkọ onírin aláwọ̀ wúrà tí atẹ́gùn máa ń yí kiri lórí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àkùkọ náà bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á sáré kó aṣọ wọlé, nítorí òjò ń bọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá adágún kò lè rí ṣọ́ọ̀ṣì rárá, òkè ló dí i. Nítorí èyí, George, ẹ̀gbọ́n Percy, kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu: "Màmá wa? Àlọ́ ló ń pa fún wa."

"Bí kò bá sí lẹ́bàá adágún, ibo ló wà?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá, mi ò sì ní méfò. Ẹ fún mi di oṣù kejì."

"Oṣù kejì kẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ni?"

"Ẹ má wulẹ̀ kú nígbà òtútù. Ilẹ̀ á le jù fún ẹni tó máa gbẹ́ ẹ."

Percy rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Òdòdó ni Hester ń dúró dè, òdòdó funfun kékeré tó máa ń yọ láàárín ìrì dídì kí òdòdó mìíràn tó jí, tó ń dorí kodò bí ọmọ tójú ń tì. Àwọn ìyálé àtijọ́ fẹ́ràn láti gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ilé wọn. Bí ilé bá wó, tí wọ́n kó bíríkì rẹ̀ lọ, òdòdó yìí á ṣì máa yọ lọ́dọọdún. Hester kò sì rí ẹyọ kan lẹ́bàá adágún rí.

Oṣù kejì dé, ilẹ̀ le bí irin, òdòdó kankan kò yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé ni Jean tẹ Hester láago. Yàrá ti ṣófo ṣáájú àkókò, Sátidé ni àwọn ń kó bàbá lọ. Hester gbéra, ó lọ bá Percy.

"Ṣáà sọ pé ẹ̀bá adágún ni," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màá gbà. Gbé mi lọ síbi bẹ́ǹṣì yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Hester. Irọ́ kékeré kan péré ni, inú arúgbó á sì dùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí mo bá parọ́ fún yín, Bàbá, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi á mọ̀, màá sì ti gbè sẹ́yìn George pé àlọ́ ni màmá yín ń pa."

Ní Tọ́sìdeè, oòrùn yọ, ilẹ̀ rọ̀. Hester ń la pápá Ted Cutting kọjá, àga lápá, nígbà tí Ted figbe ta lórí katakata rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ tún ti gbé àga yín dé? Ẹ̀rù yín ń ba àwọn màlúù mi o!"

"Èmi ni mo gbé ẹ wáyé, Ted. Ariwo yìí náà lo pa lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ máa wolẹ̀ o. Ìrì dídì kan ṣì wà lẹ́yìn igbó yẹn tó kọ̀ tí kò yọ́."

Hester dúró sójú kan. Nínú irú oòrùn yìí? Ó yí padà, ó yára lọ sẹ́yìn igbó bí ẹni tí wọ́n ní aboyún ń rọbí.

Kì í ṣe ìrì dídì. Ìlà òdòdó méjì tó gún régé ni, wọ́n kọjú síra, wọ́n sì lọ parí síbi tí kò sí nǹkan kan. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ilẹ̀ jin kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: adágún mìíràn ti wà níbẹ̀ rí, ó ti gbẹ, gbogbo ayé sì ti gbàgbé rẹ̀. Hester gba àárín òdòdó náà bí àlejò ṣe ń wọlé. Ó fi gìgísẹ̀ wa ilẹ̀ níbi tí wọ́n parí sí, bíríkì pupa sì yọjú. Ó ṣí àga, ó jókòó. Ká ní ìgbà tí igi rúwé ni, kì bá tí rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ẹ̀ka tó gbẹ, lókèèrè réré, ohun kan kọ mànà bíi wúrà.

Ní ọjọ́ kejì, Ted fi ọkọ̀ tí katakata rẹ̀ ń fà gbé Percy wá, orí koríko gbígbẹ, bùláńkẹ́ẹ̀tì dé ọrùn. Jean ń kùn pé òtútù á pa bàbá òun. Wọ́n rọra gbé e jókòó sórí àga Hester. Ó wo iwájú, ó ń wá àkùkọ náà láàárín àwọn ẹ̀ka, títí ojú rẹ̀ fi dúró sójú kan.

"Jean, ṣé o sá aṣọ sórí okùn?"

"Mo sá a, Dádì. Kí ló dé?"

"Ó ti kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Lọ kó o." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "George, ṣé o rí i? Màmá ò pàlọ́."

Òjò dé lóòótọ́. Ted ní kí àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n Percy kò dìde. Hester ṣí agbòjò rẹ̀ sórí arúgbó náà, òun fúnra rẹ̀ dúró nínú òjò lẹ́yìn àga, wọ́n sì jọ ń wo àkùkọ náà.