Ife Kọfí Tí Mundica Fi Sílẹ̀

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni Mundica ń ṣe jẹun. Abúlé wa lórí òkè ní erékùṣù Sàdíníà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló darúgbó sí, kò sì kọjá ìlú Macomer nísàlẹ̀ òkè rí. Ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè tán nínú rẹ̀.

Nígbà tí òun àti Lughia, àbúrò rẹ̀, pín pápá ìjẹko tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó gbà pé wọ́n yan òun jẹ. Ó lọ sílé Lughia lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé kọfí fún un, ó wò ó, ó dìde, ó fi ife náà sílẹ̀ ní kíkún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun kò bá onílé tan mọ́ nìyẹn. Lughia bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí etí òkun, ní ìlà-oòrùn erékùṣù, ojú kò sì tún kan ojú.

Oṣù Òkúdù tó kọjá ni ìròyìn dé pé àìsàn ti dá Lughia dùbúlẹ̀, kò sì ní pẹ́ mọ́. Mundica wá bá mi, nítorí èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì abúlé wa kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún un pé owó takisí yóò jẹ owó búrẹ́dì oṣù kan tán. Kí a wọ bọ́ọ̀sì dé Macomer, ọkọ̀ ojú irin dé Nuoro, kí a tún wọ bọ́ọ̀sì dé etí òkun. Bí ọkọ̀ kankan kò bá fi wá sílẹ̀, a ó débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

“Ìwọ ṣáà mú mi débẹ̀, Bachis,” ó ní. “Kọfí yẹn ni mo fẹ́ lọ mu.”

Ní Macomer, Juanna ìbátan rẹ̀, tó ní ilé kọfí níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, ti rí wa kí a tó sọ̀kalẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fi gbé kọfí kaná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ,” mo ní. “Ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ gbéra.”

“Wọ́n á dúró,” Juanna ní. “Ṣebí wọ́n máa ń dúró dè ọ́ nígbà tó o bá ń mu kọfí níbí?”

“Àwọn awakọ̀ ìgbà yẹn mọ̀ wá. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, aago ló mọ̀.”

Juanna rẹ́rìn-ín. “Láti ìgbà tí wọ́n ti gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ lo ti ń sáré, Bachis. Kí lò ń lé?”

Mundica wò mí. “Ife kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ láyé mi,” ó ní. “Mi ò ní fi òmíràn sílẹ̀.”

Ó jókòó. Kọfí náà gbóná, ó ń fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ nínú ife nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀, nígbà tí a sì fi dé ìta, ẹ̀yìn rẹ̀ la rí.

Ó di ọ̀sán kí òmíràn tó lọ. Mundica kò gbójú kúrò lójú fèrèsé. Ó rí àwọn igi tí wọ́n ti bó èèpo wọn láti fi ṣe ìdérí ìgò, tí ara wọn pupa bí egbò. Ó rí àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ irun wọn, àti òkúta lórí òkúta. A wọ bọ́ọ̀sì ní Nuoro. Nígbà tí òkun yọ lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀, ó di apá mi mú.

“Ohun tó wà láàárín èmi àti Lughia ò ju èyí lọ?” ó ní. “Kò mà jìnnà.”



Lára ògiri ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí ni wọ́n lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́, àtè rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àwòrán Lughia ló wà lórí rẹ̀. Mundica kà á, ó fọwọ́ kan àtè náà, ó bèèrè ọ̀nà ilé.

Ọmọ Lughia obìnrin ló sọ fún wa pé ọ̀sán ni ìyá òun kú, àti pé láàárọ̀, ó bèèrè títí bóyá bọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀ ti dé. Mundica gbọ́ ọ dópin. Ó wo ibi ìdáná, ó ní kí wọ́n fún òun ní kọfí.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ọmọ náà ní. “A ò lè dáná. Òkú ṣì wà nílé.”

Aládùúgbò kan gbé kọfí wá láti ilé tirẹ̀, bí a ti máa ń ṣe. Mundica gbà á, ó gbé e lé orí itan, ó sì jókòó ti òkú náà títí kọfí fi tutù, kò fẹnu kàn án. Nígbà tí a sìnkú tán, a wọ bọ́ọ̀sì padà. Ìjókòó tó kọ ẹ̀yìn sí òkun ló yàn.