Àwòrán Olórí Ẹbí Tí Mo Fi Sí Fódà Inú

Ẹ̀yin ènìyàn mi àtàtà, lónìí ni Bàbá Olórí Ẹbí wa bi mí bóyá àwọn ti kú.

Èmi ni mo ṣe ìkànnì ayélujára fún agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Lórí kọ̀ǹpútà mi, gbogbo rẹ̀ ń dán. Láàárọ̀ yìí, mo gbé e lọ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ìkànnì han gbogbo ayé, tí àwa àti àwọn ẹlòmíràn jọ háyà. Bàbá sì ṣí i lórí fóònù wọn níbi ìpàdé ẹbí.

Àwòrán àwọn ọmọ wẹẹrẹ yọ, ti àwọn ìyàwó ilé náà yọ. Ti Bàbá nìkan ni kò yọ.

Bàbá ní, "Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ kò sọ fún mi?"

Mo pe àbúrò mi Rìsíkátù, akọni obìnrin, ọ̀gá nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, níbo lẹ fi àwòrán Bàbá sí?"

"Fódà inú lọ́hùn-ún ni, àpò fáìlì tó wà nínú àpò fáìlì. A kì í kó àgbà pọ̀ mọ́ ọmọdé lójúde."

Ẹ̀rín pa á. "Sáfà yẹn kì í wọ yàrá o! Ohun tó bá wà ní fódà ìta nìkan ló ń fi han àlejò. Ẹ tètè gbé Bàbá síta."

Mo gbé wọn síta, wọ́n sì yọ tagbádá-tagbádá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ni mo bá fi ìdùnnú ṣàlàyé ohun tí mo ṣe.

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Ẹnu ọ̀nà lo wá fi mí sí? Ṣé èmi ni mégádì ilé yìí ni?"

Wọ́n ti pàṣẹ pé kí n dá àwọn padà sí yàrá kíákíá, ṣùgbọ́n kí ojú àwọn ṣì máa hàn síta.

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, kí ni kí n ṣe?